Kí ni gìtá rẹ ń sọ?

Lẹ́tà yìí dé bá mi ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mo gé e kúrú díẹ̀, mo sì yọ orúkọ ẹni tó kọ ọ́ kúrò:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Màsífá ni mò ń gbé níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, Tákíé ni mo ti ń tún fóònù ṣe. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì máa ń tẹ kíbọ́ọ̀dù díẹ̀díẹ̀. Orin tèmi ni mo fẹ́ gbà sílẹ̀, orin tí kò ní ohùn ẹnu rárá, gìtá àti ìlù nìkan. Ìbẹ̀rẹ̀ orin 41 ló wà nínú fóònù mi, kò sí ẹyọ kan tó parí níbẹ̀. Bí mo bá ní kí n jókòó gba ọ̀kan sílẹ̀ dáadáa, ńṣe ló máa ń tutù mọ́ mi lọ́wọ́. Ṣé kí n kọ́kọ́ tọ́jú owó fi ra sound card ńlá (ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn wọ inú kọ̀ǹpútà) ni, àbí kí n kó lọ sí Ìbàdàn? Báwo lẹ̀yin ṣe ń ṣe é, láti ìgbà tó bá ti sọ sí yín lọ́kàn títí tó fi máa di orin?"

Àbúrò mi, o ṣeun tí o kọ̀wé. Nọ́ńbà yẹn, 41, ló kọ́kọ́ gbà mí lọ́kàn. Ẹni tí orin kò sí nínú rẹ̀ kì í ní ìbẹ̀rẹ̀ 41 nínú fóònù. Nítorí náà, jẹ́ kí n tètè dá ọ lóhùn lórí ọ̀rọ̀ owó àti ti Ìbàdàn: má kó lọ síbì kankan, má sì tíì ra nǹkan kan. Mo ti jókòó ti àwọn tí sítúdíò wọn ní ẹ̀rọ amúlétutù àti máìkì olówó gọbọi. Ìbẹ̀rẹ̀ orin tiwọn ju tìrẹ lọ, òpin ni kò sí.

Nǹkan méjì ni mo rí nínú ohun tí o kọ. Èkíní ni pé àwọn orin rẹ kò tíì mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Èkejì ni pé ọjọ́ kan ṣoṣo lo fẹ́ fi bí ọmọ, kí o sọ ọ́ lórúkọ, kí o sì jó ijó ìkómọ rẹ̀. Èkíní ni màá pẹ́ lórí rẹ̀ jù, nítorí pé òun ni n kò rí ẹni tó kọ́ mi nígbà tí mo wà ní ọjọ́ orí rẹ.

"Orin tí kò ní ohùn ẹnu" lo pè é, ohun tí o ní lọ́kàn sì yé mi. Ṣùgbọ́n nílẹ̀ wa, ohun-èlò orin kì í yadi. Ọ̀yọ́ ni wọ́n bí mi sí, ilé wa kò sì jìnnà sí ọjà Akẹ̀sán. Bí àwọn onílù bá ń bọ̀ láti ọ̀nà ààfin lọ́jọ́ ọdún, ìyá mi á wà nídìí ààrò, á máa ro ọkà. Màá bi í pé, "Màámi, kí ni wọ́n ń wí?" Kò ní gbójú sókè, kò sì ní dá ọmọrogùn dúró, á kàn sọ gbólóhùn náà fún mi. Ẹnikẹ́ni kò kọrin níta. Awọ àti ọ̀pá ìlù nìkan ló ń dún, ọ̀rọ̀ ni ìyá mi sì ń gbọ́.

Ohùn mẹ́ta tó wà nínú èdè wa, dò, re, mí, ló fà á. Gbólóhùn yòówù kí o sọ ti ní orin nínú kí o tó fọwọ́ kan okùn gìtá. Ohun tí mo sì ti ṣàkíyèsí lára àwọn ìbẹ̀rẹ̀ orin tí kì í parí ni pé ìka ló bí wọn. Ìka ti mọ ojú ọ̀nà kan lórí gìtá, á gba ibẹ̀ lọ, á dún dáadáa fún bí ìṣẹ́jú àáyá 20, lẹ́yìn náà á dúró, á máa wò ọ́ lójú pé ibo ló kàn. Ìwọ náà kò mọ̀. Ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ kì í ní irú ìṣòro yẹn, torí ó mọ ohun tó fẹ́ sọ, ó sì mọ ìgbà tó sọ ọ́ tán.

Jẹ́ kí n mú ọ̀kan tí mo ṣe fúnra mi, kí o lè rí i bó ṣe lọ. Ní àsìkò òjò ọdún kan, páànù yàrá mi ṣí ní igun kan, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí kán sórí àpótí ìwé mi. Mo gbójú sókè, mo ní, "Òjò ń rọ̀, ilé ń jò." Kò sí ọgbọ́n kankan nínú ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n gbọ́ bó ṣe dún: dò-dò-mí-dò, re-mí-mí-dò. Mú gìtá rẹ. Okùn kẹrin láì tẹ nǹkan kan, ìyẹn D, ni kí o fi ṣe dò. Tẹ fírẹ́ẹ̀tì kejì lórí okùn kan náà, E nìyẹn, òun ni re. Okùn kẹta láì tẹ nǹkan kan, G, ni mí. Wàá ta D D G D, wàá sinmi díẹ̀, wàá ta E G G D. Ta á bí o ṣe máa sọ ọ́ lẹ́nu, má kánjú, má sì jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ gùn dọ́gba, torí ẹnu kì í sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Bí mo bá dúró síbẹ̀ yẹn, ìbẹ̀rẹ̀ kan náà ni, bíi 41 tìrẹ. Mo bi ara mi pé bí ilé bá ń jò, kí ló kàn? Ẹnì kan á pariwo ni: "Ẹ gbé abọ́ wá!" Re-mí-re-mí-mí. E G E G G. Wò ó bó ṣe yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́. Ti òjò máa ń já sílẹ̀ lórí D ní ìparí gbólóhùn méjèèjì, ṣùgbọ́n ti abọ́ kò kan ilẹ̀ rárá, òkè ló ń sáré lọ, bí ara ilé tí omi ń ba ẹrù rẹ̀ jẹ́ ṣe máa ń ṣe. Bí mo ṣe rí apá kejì orin náà nìyẹn. N kò jókòó ronú pé orin gbọ́dọ̀ ní apá kejì. Ilé tó ń jò ló ní kí wọ́n gbé abọ́ wá. Mo fi kíbọ́ọ̀dù tẹ ti abọ́, gìtá sì ń bá ti òjò lọ nísàlẹ̀, nítorí pé òjò kì í dáwọ́ dúró torí pé ẹnì kan ń pariwo. Ara bẹ̀rẹ̀ sí ta orin náà láàárín.

Òpin rẹ̀ ńkọ́? "Òjò ti dá." Dò-dò-re-mí. D D E G. Gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbẹ̀rẹ̀. Níbẹ̀rẹ̀, dò-dò fò lọ sí mí, ó sì já padà sílẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Níparí, dò-dò kan náà gba orí re gòkè, ó dé orí mí, ó sì jókòó síbẹ̀. Òjò kan náà ni wọ́n ń sọ. Bí mo bá fi ọdún kan wá òpin yẹn pẹ̀lú ìka mi, n kò lè rí i.

Ohun kan tún wà nínú sísọ ohùn wa tí ó yẹ kí o mọ̀. Bí dò bá tẹ̀lé mí, kì í fò bọ́ sílẹ̀, ńṣe ló máa ń yọ̀ bọ̀. Bí mí bá tẹ̀lé dò, òun náà á fà díẹ̀ kó tó dókè. Sọ "ń rọ̀" lẹ́ẹ̀kan sí i, kí o fetí sí i, wàá gbọ́ yíyọ̀ náà. Ohun tí onílù ń fi ọwọ́ fún ọsán, ìyẹn okùn awọ ẹ̀gbẹ́ ìyáàlù, ṣe nìyẹn, ìdí sì nìyẹn tí gìtá tó ń ta ohùn kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fi máa ń dún bí àlejò tó ń kọ́ Yorùbá. Nítorí náà, lẹ́yìn tí o bá ti mọ orin náà lórí okùn méjì, kó gbogbo rẹ̀ lọ sórí okùn karùn-ún nìkan: D wà ní fírẹ́ẹ̀tì karùn-ún, E ní ìkeje, G ní ìkẹwàá. Níbi "ń rọ̀", ta G, má ta D mọ́, fa ìka náà wálẹ̀ láti ìkẹwàá sí ìkarùn-ún. Gìtá á sọ̀rọ̀. Lórí kíbọ́ọ̀dù, kẹ̀kẹ́ kékeré tó wà lápá òsì (pitch bend) ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn, ṣùgbọ́n bọ́tìnnì méjì péré ló sábà máa ń fà bí wọ́n ṣe ṣe é wá. Láti G sí D jẹ́ márùn-ún bí o bá ka dúdú mọ́ funfun, torí náà wọ inú ètò rẹ̀, kí o sún un sí 5. Olóògbé Akin Euba (1935–2020), ọ̀jọ̀gbọ́n nínú iṣẹ́ orin, lo ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ lórí bí dùùrù òyìnbó ṣe lè máa hùwà bí ìlù Yorùbá. Iṣẹ́ ńlá ni, kò sì tíì tán. Ó ku tìrẹ.

Níbo lo ti máa rí gbólóhùn? Má lọ mú oríkì ìdílé ẹlòmíràn, má sì mú ọ̀rọ̀ ìlù òrìṣà tí o kò mọ ìdí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn oníbàárà rẹ ní Tákíé tó. "Ẹ bá mi wò ó." Mélòó nínú wọn ló ń sọ ọ́ lóòjọ́? Re-mí-re-dò-mí. Ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wà nínú ọ̀rọ̀ kékeré yẹn, ẹ̀bẹ̀ sì wà níbẹ̀. Kí ni ìwọ máa ń fi dá wọn lóhùn? Kí ni wọ́n máa ń sọ bí fóònù náà bá tàn? Orin odindi kan ti wà lórí tábìlì rẹ.

Gbólóhùn náà, ìwọ nìkan ni kí o mọ̀ ọ́n. Nígbà tí egungun orin òjò mi dúró, mo pe ọmọ Àyàn kan wá láti bá mi fi ìyáàlù sí i. N kò sọ ohunkóhun fún un. Mo ta gìtá náà lẹ́ẹ̀mẹta, ó tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń gbọ́. Lẹ́yìn náà ó gbé ìlù kọ́ èjìká, ó lu ohùn náà padà fún mi láìṣìnà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìlù ń dùn, ayé ń yọ̀." Mo kà á sínú ara mi: dò-dò-mí-dò, re-mí-mí-dò. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí. Ilé tó ń jò ni mo kó wọ inú orin, inú òde àríyá ló bá a. N kò tún un ṣe. Ayọ̀ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó ń lù ú wọ inú ohun tí a gbà sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó sì wà níbẹ̀ títí di òní. Bí mo bá ti sọ ọ̀rọ̀ páànù fún un, ì bá lu ìlù ẹni tí páànù rẹ̀ ń jò.

Ó yá, ọ̀rọ̀ ọjọ́ wàyí. Ọmọ tuntun, ọjọ́ kẹjọ la ń sọ ọ́ lórúkọ. Ọjọ́ tí wọ́n bí i, kí ara ìyá balẹ̀ ni gbogbo ilé ń wá. Ohun tó ń jẹ́ kí orin tutù mọ́ ọ lọ́wọ́ ni pé bí o bá jókòó pé o fẹ́ gbà á sílẹ̀, ènìyàn mẹ́rin ló ń fún ara wọn lórí àga kan: ẹni tó ń wá orin, ẹni tó ń ta gìtá, ẹni tó ń wo ẹ̀rọ, àti adájọ́. Adájọ́ ló máa ń borí. Ya ọjọ́ wọn sọ́tọ̀.

Ọjọ́ tí orin bá sọ sí ọ lọ́kàn, fóònù nìkan ni. Sọ gbólóhùn náà lẹ́nu kí o tó ta á, sọ ọjọ́ tí ó jẹ́, kí o dákẹ́ kó tó pé ìṣẹ́jú kan. Má gbọ́ ọ padà lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan, gbọ́ gbogbo ohun tó wà nínú fóònù láìmú gìtá dání. Mo máa ń gbọ́ tèmi tí mo bá ń fọ aṣọ. Èyí tí o bá bá ara rẹ tí o ń kùn lábẹ́nú ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, òun ni kí o mú. Má pa àwọn yòókù rẹ́, ṣùgbọ́n má ṣàánú wọn.

Lẹ́yìn náà ni ọjọ́ egungun. Gìtá kan, fóònù kan. Ta orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìdúró, bí o bá tilẹ̀ ṣì í ta nígbà mẹ́wàá. Òfin kan ṣoṣo ni mo ní lọ́jọ́ yẹn: ó gbọ́dọ̀ parí. Bí kò bá parí, kì í ṣe gìtá ni kí o padà sí, gbólóhùn ni. Béèrè lọ́wọ́ ara rẹ pé kí ló ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Bí egungun bá ti dúró, máa gbé e kiri nínú orí fún ọjọ́ mélòó kan kó tó di ọjọ́ gbígbà sílẹ̀. Nígbà tó bá fi di ọjọ́ yẹn, ẹni tó ń wá orin kò níṣẹ́ níbẹ̀ mọ́. Gba ohun-èlò kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ó pọ̀ jù ẹ̀ẹ̀mẹrin, kí o pa ẹ̀rọ. Ìgbà keje kì í dára ju ìgbà kejì lọ, ó kàn máa ń rẹ̀ ẹ́ jù ú lọ ni. Adájọ́ ní tirẹ̀, jẹ́ kó dé ní ọjọ́ kẹjọ lẹ́yìn ìyẹn. Ìgbà yẹn ló máa dájú pé etí rẹ ti gbàgbé ibi tó ti nira fún ìka rẹ, orin nìkan ni wàá gbọ́.

Ọ̀pọ̀ èèyàn á sọ fún ọ pé kí o jẹ́ kí ẹ̀rọ máa ká ìyára fún ọ látìbẹ̀rẹ̀, kí ó máa kan kọ́-kọ́-kọ́ sí ọ létí. Bí ìwọ nìkan bá máa to gbogbo rẹ̀ lé ara wọn, kò burú. Ṣùgbọ́n bí onílù bá wà níbẹ̀, gúdúgúdú ni kí ẹ jẹ́ kó di ojú ìgbà mú fún gbogbo yín. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn nínú ẹgbẹ́ dùndún láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Gúdúgúdú mọ ìgbà tó yẹ kí ara gbóná díẹ̀, ẹ̀rọ kò mọ̀ ọ́n.

Bí ìyáàlù bá máa wà nínú rẹ̀, ojú ọjọ́ wọ ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Awọ ewúrẹ́ ló wà lójú ìlù, awọ sì ń mu omi inú afẹ́fẹ́. Lásìkò òjò á dẹ̀, ohùn á lọ sílẹ̀; bí ọyẹ́ bá mú, á le, ohùn á gòkè. O mọ bí ọyẹ́ Ògbómọ̀ṣọ́ ṣe ń la ètè, bẹ́ẹ̀ náà ló ń ṣe igi gìtá rẹ. Èyí tó ń ba ọ̀pọ̀ iṣẹ́ jẹ́ ni pé onígìtá máa ń ní kí onílù wá bá òun ní D. Má ṣe bẹ́ẹ̀. Jẹ́ kí onílù tọ́jú ìlù rẹ̀ títí tó fi tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ní kó lu dò rẹ̀ fún ọ, láì fún ọsán, lẹ́ẹ̀marùn-ún. Wá ohùn yẹn lórí gìtá, kí o wá tún gbogbo okùn rẹ tò mọ́ ọn, bó bá tilẹ̀ bọ́ sí ìsàlẹ̀ ibi tí ẹ̀rọ ìtòhùn inú fóònù fẹ́. Kọ ibi tó bọ́ sí sílẹ̀, torí wàá nílò rẹ̀ bí o bá fẹ́ fi kíbọ́ọ̀dù kún un lọ́jọ́ mìíràn. Kó tó di pé ẹ tún gbà á, gbọ́ dò náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Láàárín wákàtí kan ó lè ti ṣí kúrò níbi tó wà, pàápàá bí fáànù bá dojú kọ ìlù.

Máìkì kan tó. Gbé e síwájú ojú tí ó ń lù, bí ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀ sí i, kí o yí i díẹ̀ kí ó má kọjú sí ibi tí kọ̀ǹgọ́ ti ń balẹ̀ tààrà. Bí máìkì bá sún mọ́ ọn jù, ṣaworo á bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Bó bá jìnnà jù, yàrá ni wàá gbọ́. Jẹ́ kí ẹnì kan fi hẹ́ẹ̀dìfóònù sétí, kí ìwọ máa sún máìkì díẹ̀díẹ̀ títí tí onítọ̀hún á fi gbọ́ gbólóhùn tí ìlù ń sọ ketekete. Gbólóhùn ni kó máa gbọ́ o, kì í ṣe bóyá ó dún dáadáa. Bí o bá ń díwọ̀n ohùn, má gba ohun tí onílù ń lù nígbà tó ń na ara gbọ́. Ìlù gidi á le ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ìlọ́po. Jẹ́ kí ibi tó ga jù máa dé àgbègbè -12 dB, kó má kan 0 láé, kí o sì gbà á ní 24 bit. Ohùn tó kéré ṣeé gbé sókè lẹ́yìn náà. Èyí tó ti fọ́, ó fọ́ nìyẹn.

Ní ti yàrá, ohun tó wà nílé tó: mátíràsì sẹ́yìn olórin, aṣọ òfì tàbí kúbùsù sára ògiri tó dojú kọ ọ́. Gbà á lẹ́yìn ìrun àárọ̀, kí ẹ̀rọ ata àti jẹnẹrétọ̀ àdúgbò tó dìde. Lo bátìrì láptọ́ọ̀pù, kí o yọ ṣájà rẹ̀, torí iná wa ń gbọ̀n ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, wàá sì gbọ́ ọ bíi kòkòrò tó ń kùn lábẹ́ gìtá. Bí òjò bá dé, pa á tì, páànù kò ní jẹ́. Mo gbìyànjú láti fi ohùn òjò gidi sí ìbẹ̀rẹ̀ orin tèmi, ọjọ́ mẹ́ta ló lò níbẹ̀ kí n tó yọ ọ́ kúrò. Gìtá ti sọ pé òjò ń rọ̀. Kò nílò ẹlẹ́rìí.

Nígbà tí egungun orin mẹ́ta bá ti dúró ni kí o wá ronú ohun tí o máa rà. Sound card tó ní ojú ìwọlé méjì, máìkì alágbára irú SM57 tí wọ́n ti ń lò láti ọdún 1965, àti hẹ́ẹ̀dìfóònù tó bo etí. Ní ti ètò ìgbohùnsílẹ̀ orí kọ̀ǹpútà, Reaper ń jẹ́ kí o fi ọjọ́ 60 dán an wò kí o tó sanwó, ọ̀fẹ́ sì ni Audacity. Bí gìtá bá ń pẹ́ kó tó dé etí rẹ, dín buffer kù, ìyẹn ìwọ̀n ohùn tí kọ̀ǹpútà ń kó jọ kó tó gbé e jáde: 1024 ní 44.1 kHz ń fi ohùn pamọ́ fún nǹkan bíi 23 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kan, 128 kò ju 3 lọ. Ìwọ tó ń tú fóònù palẹ̀ lójoojúmọ́, èyí kò lè ṣòro fún ọ.

Àwọn èèyàn tí o nílò wà nítòsí rẹ pẹ̀lú. Ọdún 1898 ni wọ́n dá Sẹ́mínárì Onítẹ̀bọmi sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbẹ̀, àwọn tó ń kọ́ orin níbẹ̀ á bá ọ kọ ohun tí o ń ta sílẹ̀ bí o bá fẹ́ kí afunfèrè bá ọ ṣe é. Àwọn ọmọ yunifásítì LAUTECH tó ní sound card pọ̀ ní àdúgbò Under-G. Ìbàdàn kò ní ju èyí lọ fún ọ báyìí.

Onílù tí o bá pè, bá a sọ owó rẹ̀ kó tó gbé ìlù kọ́ èjìká, kí o san án lọ́jọ́ náà. Kọ orúkọ rẹ̀ sára orin náà. Bó bá jẹ́ pé ohun tó lù fún ọ ló di apá kan orin, ẹ jọ ni ín ni, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé bẹ́ẹ̀. Òfin kọpiráìtì ilẹ̀ wa ti 2022 mọ ẹ̀tọ́ ẹni tó dá orin sílẹ̀, ó sì mọ ti ẹni tó lù ú. Ó máa ń dùn mí bí mo bá gbọ́ orin tí ìyáàlù gbé ga, tí mo wo ara rẹ̀, tí mo rí orúkọ onígìtá nìkan.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí o ṣe kí o tó sùn lálẹ́ òní. Mo gba ohùn àgbà onílù kan sílẹ̀ nígbà kan rí, ó tó wákàtí méjì, ó ń lu, ó ń túmọ̀. Inú háádì kan ṣoṣo ni mo fi í sí. Háádì náà kú. Bàbá náà ti lọ bá àwọn baba rẹ̀ kí n tó lè padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ orin 41 yẹn, da wọ́n kọ sórí láptọ́ọ̀pù, sórí háádì tí o máa gbé sí ilé ẹlòmíràn, àti sórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Lẹ́yìn ìyẹn, gbọ́ mọ́kànlélógójì náà láìmú gìtá. Tí o bá máa kọ̀wé sí mi padà, má tíì fi orin ránṣẹ́. Kọ gbólóhùn mẹ́ta sínú ìwé fún mi: èyí tí orin náà fi bẹ̀rẹ̀, èyí tí wọ́n fi dá a lóhùn, àti èyí tó fi parí.